Àgádágodo Ẹnu Yàrá Ìyá

Ojú ọ̀nà ni Adéwùmí sùn mọ́jú. Ọkọ̀ tó gbé e láti Ọ̀fà dẹnu kọlẹ̀ lẹ́yìn Kàdúná, inú oòrùn ọ̀sán ló sì tó wọ Kano. Nígbà tí kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n ń pè ní àdàìdàítà já a sílẹ̀ lẹ́nu ilé bàbá rẹ̀ ní Sabon Gari, kò sí ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ju kó bomi sára, kó bọ́ aṣọ dúdú tó fi sin ìyá rẹ̀, kó sì nà gbalaja sórí ẹní. Ó kí àwọn ayálégbé tó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Wọ́n dá a lóhùn, àmọ́ kò sẹ́ni tó wò ó lójú. Ó rò pé ọ̀fọ̀ ni kò jẹ́ kí wọ́n mọ ohun tí wọn ó sọ. Ìgbà tó dé iwájú yàrá ẹ̀yìn ló tó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kọjá ọ̀fọ̀. Àgádágodo ló bá lẹ́nu ilẹ̀kùn.

Yàrá yẹn kò ní àgádágodo rí. Láti ọjọ́ tí rọpárọsẹ̀ ti dá Florence ìyá rẹ̀ dùbúlẹ̀, aṣọ ìkélé nìkan ló ń wà lẹ́nu ibẹ̀ lọ́sàn-án, torí ẹni tó ń tọ́jú ẹni tí kò lè dìde kì í ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Inú yàrá náà ni Adéwùmí fi ṣe ilé lẹ́yìn tí ọkọ rẹ̀ kú. Ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì ìyá rẹ̀ ló ń tẹ́ ẹní sí. Òun ló ń yí i padà kí ara rẹ̀ má baà dá egbò, òun ló ń fi ṣíbí bu ẹ̀kọ sí i lẹ́nu. Aṣọ rẹ̀ wà nínú ibẹ̀. Bíbélì rẹ̀, ìkòkò rẹ̀, àti ìyókù oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó gbọ́dọ̀ lò láràárọ̀, inú ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ wà.

Ó di àgádágodo náà mú, ó yí abẹ́ rẹ̀ sókè. Ọ̀dà pupa kékeré kan wà níbẹ̀. Ọwọ́ òun fúnra rẹ̀ ló fi ọ̀dà yẹn síbẹ̀, torí gbogbo àgádágodo tó bá ń tà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ló máa ń fi àmì sí, kí oníbàárà má baà ra ti ẹlòmíràn kó wá dá a padà fún un.

Àlàájà Ràhmátù tó ń gbé yàrá tó kọjú sí ti wọn jáde wá, ó káwọ́ sẹ́yìn. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ làwọn òbí rẹ̀, ṣùgbọ́n Kano ni wọ́n bí i sí, Háúsá a sì máa bọ́ sínú Yorùbá rẹ̀ láìròtẹ́lẹ̀.

"Sannu da zuwa, Wùmí. Ẹ kú ọ̀nà. Ẹ̀gbọ́n rẹ ló ṣe é. Ó dé níjẹta, ó ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Ó ní ká máa wá ilé mìíràn, pé Alàájì kan fẹ́ ra ilé yìí."

"Ẹ̀gbọ́n mi ní iṣẹ́ ń pe òun l'Ékòó ló fi kúrò ní Ọ̀fà," ni Adéwùmí wí.

"Ibí ló wá. Ó wà ní òtẹ́ẹ̀lì àkọ́kọ́ ní Airport Road."

Adéwùmí kò gbé àpò rẹ̀ sílẹ̀. Bó ṣe wọlé náà ló ṣe jáde.

Olújìmí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń jẹun nígbà tó dé òtẹ́ẹ̀lì náà. Ìrẹsì àti adìyẹ ló wà níwájú rẹ̀, ẹ̀rọ amúlétutù ń fẹ́ sí i lẹ́yìn ọrùn. Ó rí àbúrò rẹ̀ pẹ̀lú aṣọ ọ̀fọ̀ àti eruku ọ̀nà lára, ó sì fi ṣíbí tọ́ka sí àga.

"Wùmí, o ti dé. Jókòó, kí wọ́n fún ẹ ní nǹkan mímu."

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ fún mi ní kọ́kọ́rọ́ yàrá Ìyá."

"Jókòó ná."

"Mi ò jókòó. Oògùn mi wà níbẹ̀. Aṣọ mi wà níbẹ̀."

Ó rọra jẹ ohun tó wà lẹ́nu rẹ̀ tán kó tó fèsì. "Mo ti di ẹrù ẹ sínú àpò. Lọ́la ni Alàájì ń bọ̀ wá wo ilé. Tó bá ti wò ó tán, màá ṣílẹ̀kùn, wàá kó ẹrù ẹ. Tí mo bá ṣí i lónìí, o ò ní jáde níbẹ̀ mọ́. Mo mọ̀ ẹ́."

"Ilé wo ni Alàájì fẹ́ wò?"

"Ilé bàbá mi."

Bàbá mi, ló wí. Kò wí pé bàbá wa. Adéwùmí di etí tábìlì mú.

"Bọ̀ọ̀dá, ọmọ bàbá kan náà ni wá. Àbí ẹ̀ ń sọ pé obìnrin kì í jogún ilé bàbá rẹ̀?"

"Èmi ni àkọ́bí. Ilé ọkọ ni ilé obìnrin."

"Ọkọ mi ti kú. Ẹ wá síbi ìsìnkú rẹ̀."

"Ṣé èmi ni mo pa á ni?" Olújìmí nu ọwọ́ rẹ̀. Ó wá rẹ́rìn-ín, bí ẹni tó fẹ́ fi ẹ̀rín tu ọ̀rọ̀ lójú. "Má wulẹ̀ bínú. Mo tiẹ̀ bá ẹ ra ọjà. Ṣọ́ọ̀bù ẹ ni mo ti ra àgádágodo yẹn, ọmọ tó wà níbẹ̀ sọ pé ojúlówó ni."

Adéwùmí yíjú padà, ó jáde sínú oòrùn, ẹsẹ̀ rẹ̀ ló sì fi rìn dé ọjà, torí bó bá jókòó sínú ọkọ̀ pẹ̀lú ẹnikẹ́ni lásìkò yẹn, á bá onítọ̀hún jà.

Sharon tó ń bá a tajà dìde fìrì nígbà tó rí i. Nígbà tó béèrè ọ̀rọ̀ àgádágodo lọ́wọ́ rẹ̀, ojú ọmọ náà rẹ̀wẹ̀sì. Ọmọ tí wọ́n bí sí Kano ni, ó gbọ́ Yorùbá dáadáa, àmọ́ pijin ni ẹnu rẹ̀ mọ̀.

"Mummy, e say you don know about am. I even comot something for the price." Ó ní Olújìmí sọ fún òun pé Adéwùmí ti mọ̀ sí i, òun tiẹ̀ dín owó rẹ̀ kù fún un.

Adéwùmí kò bínú sí Sharon. Ìbínú tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò ṣeé pín fún ẹlòmíràn. Ó wọ ẹ̀yìn káńtà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú àwọn ọjà tó wà lórí pákó.

Ọjọ́ ti pẹ́ tó ti ń ta àgádágodo. Àwọn Háúsá tó ń wá rà á máa ń pè é ní kwado, orúkọ kan náà tí wọ́n ń pe ọ̀pọ̀lọ́, bóyá nítorí bó ṣe ń lúgọ síbi tí wọ́n bá fi í sí, tó pa ẹnu dé, tó sì ń wo èèyàn. Ó rí ọ̀kan tó jẹ́ ìbejì èyí tó wà lẹ́nu yàrá, ó mú un jáde, ó gbé e lọ sọ́dọ̀ Seth.

Iṣẹ́ kọ́kọ́rọ́ gígé ni Seth ń ṣe níwájú ṣọ́ọ̀bù Adéwùmí. Nígbà tó gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, ó nawọ́ sábẹ́ tábìlì, ó fa ẹ̀mú ìgérin ńlá kan jáde.

"Ẹ jẹ́ kí n bá yín lọ, Mà. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo máa gé e."

"Rárá o. Tí a bá gé e, ọlọ́pàá ló máa kọ́kọ́ gbé wá. Ẹ̀gbọ́n mi á ní mo fọ́ ilẹ̀kùn òun. Mo fẹ́ kó ṣí láì ní ojú ọgbẹ́ kankan lára. Fi fáìsì tábìlì ẹ di ìbejì rẹ̀ yìí mú fún mi."

Ó fi ayùn irin là á láàárín, òun fúnra rẹ̀, títí òógùn fi ń kán sórí idẹ náà. Bí apá rẹ̀ ṣe ń ro ó ni ara ń tù ú díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó pín sí méjì, gbogbo inú rẹ̀ hàn síta. Ihò kọ́kọ́rọ́ wà nínú ọ̀pá idẹ róbótó kan. Lórí ọ̀pá náà, àwọn abẹ́rẹ́ idẹ kéékèèké tò sínú ihò tiwọn, sípíríǹgì tó tín-ín-rín bí irun sì ń tẹ̀ wọ́n sílẹ̀. Wọ́n gé abẹ́rẹ́ kọ̀ọ̀kan sí méjì, ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n ti gé ọ̀kan kò bá ti èkejì dọ́gba. Bí kò bá sí kọ́kọ́rọ́ nínú ihò, àwọn abẹ́rẹ́ yìí á dábùú ẹnu ààlà, ọ̀pá kò ní lè yí. Bí kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀ bá wọlé, eyín kọ́kọ́rọ́ á gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan sókè dé ìwọ̀n tó yẹ ẹ́, gbogbo ojú gígé á bọ́ sórí ìlà kan, ọ̀pá á sì yí. Adéwùmí ti mọ ìyẹn tẹ́lẹ̀. Ohun tó ń wá wà lókè rẹ̀.

Òun nìyẹn: ahọ́n irin kékeré kan, tí sípíríǹgì tì lẹ́yìn, tó ki ẹnu bọ inú kòtò tí wọ́n gbẹ́ sí ẹsẹ̀ irin títẹ̀ tó ń dè mọ́ ilẹ̀kùn. Ọ̀pá tó ń yí kò ní iṣẹ́ mìíràn ju kó fa ahọ́n yẹn sẹ́yìn. Ẹsẹ̀ irin náà jẹ́ méjì, gígùn àti kúkúrú, àmọ́ kúkúrú nìkan ni kòtò wà lára rẹ̀. Orí ahọ́n náà sì dagun, torí bẹ́ẹ̀ ni èèyàn ṣe lè fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ àgádágodo pa láìlo kọ́kọ́rọ́.

Ó fi ìka tì í. Ahọ́n náà rá sẹ́yìn láìjanpata, ó tún padà wá.

"Wò ó," ló wí fún Seth. "Ohun tó bá ń sá fún ẹsẹ̀ irin nígbà tí wọ́n ń tì í, á sá fún páànù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ náà. Kò ní béèrè kọ́kọ́rọ́."

Agolo bíà kì í wọ́n nílẹ̀ ní Sabon Gari. Ó ṣa ọ̀kan níwájú ilé ọtí tó wà ní Enugu Road, ó fi síṣọ́ọ̀sì gé e ní pẹlẹbẹ, ó sì jẹ́ kí àárín rẹ̀ yọ bí ahọ́n ewúrẹ́. Ó gé òmíràn sí i. Lẹ́yìn náà ló mú àgádágodo ńlá kan tó wà lórí pákó òkè pátápátá ní ṣọ́ọ̀bù, èyí tí àwọn tó ní ilé ìkẹ́rùsí ní Nassarawa máa ń rà, ó jù ú sínú àpò, ó sì lọ sílé.

Gbogbo ilé ló jáde wò ó. Adéwùmí kò lé ẹnikẹ́ni. Ojúmọmọ ló fẹ́ kó jẹ́, kí ẹni tó bá ní òun jalè wá sọ ọ́ lójú àwọn tó rí i. Ó ká páànù náà mọ́ ẹsẹ̀ kúkúrú àgádágodo, ó tẹ̀ ẹ́ wọlé, ó ń yí i. Páànù àkọ́kọ́ ya. Ó jù ú nù, ó mú èkejì, ó mí kanlẹ̀, ó sì rọra bẹ̀rẹ̀ bó ṣe máa ń rọra nígbà tó bá fẹ́ fi oògùn sí ìyá rẹ̀ lẹ́nu. Páànù wọlé. Ó yí i. Ẹsẹ̀ irin náà fò sókè.

"Allah mai iko," ni Àlàájà Ràhmátù wí jẹ́jẹ́. Ọlọ́run alágbára.

Adéwùmí ti ilẹ̀kùn.

Wọ́n ti tú bẹ́ẹ̀dì ìyá rẹ̀, igi rẹ̀ fẹ̀yìn ti ògiri bí igi tí wọ́n fẹ́ fi dáná. Tìmùtìmù wà ní ìdúró. Wọ́n ti já fọ́tò bàbá àti ìyá wọn kúrò lára ògiri, ojú ibẹ̀ sì funfun yàtọ̀. Àpò ìrẹsì ni wọ́n kó ẹrù rẹ̀ sí, aṣọ, ìkòkò, Bíbélì, gbogbo rẹ̀ wà pọ̀ bí ìdọ̀tí. Nǹkan tí wọ́n fi so ẹnu àpò tó tóbi jù nínú wọn ni gèlè aláwọ̀ ewé, èyí tí ìyá rẹ̀ máa ń wé lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì nígbà tó ṣì lè rìn, tí Adéwùmí sì ń fọ̀, tó ń lọ̀, tó ń ká lẹ́yìn tí ìyá kò wé e mọ́.

Kò sunkún. Ọ̀fà ló ti sunkún sí. Ó tú gèlè náà, ó nà án lórí itan rẹ̀ títí gbogbo ojú kókó rẹ̀ fi tẹ́jú. Ó wá oògùn rẹ̀ nínú àpò, ó gbé e mì láìmomi. Lẹ́yìn náà ni òun àti Àlàájà Ràhmátù to igi bẹ́ẹ̀dì padà, wọ́n ń fi ẹ̀yìn òòlù gbá a bọ ara wọn, Adéwùmí sì ń gbá a ju bó ṣe yẹ lọ.

"Rọra," ni Àlàájà wí. "Igi yẹn ò ṣẹ̀ ẹ́."

Ìgbà tó yá, ó yọ àgádágodo ńlá náà. Èyí kò ní ahọ́n. Bọ́ọ̀lù irin méjì ló wà nínú rẹ̀, ọ̀kan jókòó sínú kòtò ẹsẹ̀ ọ̀tún, èkejì sínú ti òsì, odindi irin kan sì dúró gbagidi láàárín wọn. Bí kọ́kọ́rọ́ kò bá yí irin àárín yẹn, bọ́ọ̀lù kò ní ibi tí wọn ó yẹ̀ sí. Kò sí sípíríǹgì tí páànù lè tàn jẹ. Ó fi í ti ilẹ̀kùn, ó so kọ́kọ́rọ́ mọ́ ọrùn ara rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, Olújìmí mú Alàájì wá lóòótọ́. Àgbà ọkùnrin ni, ó wọ babanriga funfun, ó sì ń kí àwọn tó bá pàdé bí ẹni tí kò kánjú. Olújìmí ló ń kánjú. Ó gba iwájú Adéwùmí kọjá níbi tó jókòó sí lórí àpótí, ó ki kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ bọ ihò. Kò wọlé. Ó yí i dojú dé, kò wọlé.

"Ta ló fọ́ àgádágodo mi?"

Adéwùmí nawọ́ sí àpò, ó gbé e fún un. Ó wà ní títì. "Kò sẹ́ni tó fọ́ ọ. Ẹ wò ó."

Olújìmí ki kọ́kọ́rọ́ bọ̀ ọ́, ó ṣí, ó tún tì í. Kò rí ojú ọgbẹ́ kankan.

"O ti ṣe kọ́kọ́rọ́ mìíràn."

"Mi ò ṣe kọ́kọ́rọ́ kankan."

"Sharon fún ẹ ní èkejì."

"Gbogbo kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ yín. Ẹ kà wọ́n."

Alàájì ti ń wo àwọn méjèèjì. Ó sún mọ́ Adéwùmí, ó fi Háúsá bi í bóyá ibí ló ń gbé. Adéwùmí náà dá a lóhùn ní Háúsá, kò gbé ohùn sókè. Ó ní inú yàrá yìí ni wọ́n ti bí òun, inú rẹ̀ ni òun ti tọ́jú ìyá òun títí tó fi kú, àti pé òun kò mọ ibòmíràn tí òun ń gbé. Alàájì yíjú sí Olújìmí.

"O sọ fún mi pé yàtọ̀ sí àwọn ayálégbé, kò sẹ́nìkan nínú ilé."

"Àbúrò mi ni, Alàájì. Ọ̀rọ̀ ẹbí ni, àwa la máa yanjú ẹ̀."

Ọkùnrin náà mi orí. "Ni gida nake saya, ba rigima ba." Ilé ni òun ń rà, òun kì í ra ìjà. Ó kí Adéwùmí kú ọ̀fọ̀, ó bá ìyá rẹ̀ tọrọ ìsinmi lọ́dọ̀ Ọlọ́run, ó sì bá ọ̀nà tó gbà wọlé jáde.

Olújìmí dúró níbẹ̀. "O ti bà mí jẹ́ lójú èèyàn pàtàkì. Inú ẹ ti dùn báyìí?"

"Inú mi?" Adéwùmí dìde. Láti kékeré ló ti ń fi "ẹ" pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Àwọn ayálégbé tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ gbọ́ ọ nígbà tó yí i padà sí "ìwọ". "Ìwọ Olújìmí, ìwọ lo fi gèlè Ìyá so ẹnu àpò. Ìyá tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ sin. Ìwọ lo tú bẹ́ẹ̀dì tó kú lé lórí, bí igi ìdáná."

"Gèlè wo?"

"Aláwọ̀ ewé."

"Mo rí aṣọ kan nílẹ̀, mo fi so ó. Mi ò mọ̀ pé ti Ìyá ni."

Adéwùmí wo ojú rẹ̀, ó rí i pé òótọ́ ló ń sọ, ìyẹn gan-an ló sì dùn ún ju gbogbo rẹ̀ lọ. Bó bá jẹ́ ìkà ló fi ṣe é, ó ti mọ bí wọ́n ṣe ń kórìíra ìkà. Ọkùnrin yìí kò mọ gèlè ìyá tó bí i lọ́mọ.

"O ò mọ̀ ọ́n," ló wí. "O ò mọ gèlè rẹ̀."

"Níbo ni mo ti fẹ́ mọ̀ ọ́n?" Ohùn Olújìmí ya. "Nígbà tí ìjà gbóná ní Kano níjọ́un, èmi ni wọ́n mú lọ sí Ọ̀fà. Ìwọ ni wọ́n fi sílẹ̀ sọ́dọ̀ ara wọn. Mo dàgbà ní ilé ẹ̀gbọ́n Bàbá bí ẹrú. Tí mo bá wá síbí lásìkò Kérésì, màá kan ilẹ̀kùn bí àlejò. Wọn ò fún mi ní kọ́kọ́rọ́ ilé yìí rí, Wùmí. Kò sígbà kankan."

"Wọn ò fún èmi náà," ni Adéwùmí wí. "Mo kàn wà níbẹ̀ ni."

Olújìmí dúró díẹ̀ sí i, ó ń wo ilẹ̀kùn náà, lẹ́yìn náà ló lọ. Kò béèrè kó ṣílẹ̀kùn fún òun, Adéwùmí kò sì ṣí i fún un. Nígbà tó yá, ó ro ó bóyá ó yẹ kí òun ti ṣí i, kí Olújìmí wọlé wo bẹ́ẹ̀dì ìyá rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ó ronú sí i dáadáa. Lọ́jọ́ yẹn, kò lè ṣe é, kò sì purọ́ fún ara rẹ̀ pé òun ì bá ṣe é.

Àwọn àgbà ẹgbẹ́ ọmọ Ọ̀fà ní Kano pe ọ̀rọ̀ náà lẹ́yìn ìsìn lọ́jọ́ ìsinmi kan. Wọ́n ní a kì í ta ilé tí ọmọ olóògbé ń gbé inú rẹ̀, pé ti Adéwùmí ni yàrá ẹ̀yìn, kí Olújìmí gba yàrá méjì tó wà níwájú, kí wọ́n sì fi àwọn ayálégbé sílẹ̀. Olújìmí kò wá. Orí fóònù ló ti gbọ́ ìdájọ́, ó ní òun gbọ́, kò ní òun gbà.

Ìbínú Adéwùmí kò tíì tán. Ó máa ń bá a lójijì, nígbà tó bá ń gbálẹ̀ tàbí nígbà tí oníbàárà bá ń bá a ná ọjà, á sì tún kọjá. Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, òrùlé yàrá iwájú jò, omi sì rọ wọ inú ibẹ̀. Ó wò ó fún ọjọ́ mélòó kan. Lẹ́yìn náà ló pe Olújìmí ní Èkó.

"Yàrá yín ń jò," ló wí.

Olújìmí bi í pé, "Ṣé ó pọ̀?"

"Ó pọ̀. Káfíńtà ní páànù àtijọ́ ni, pé gbogbo rẹ̀ ló yẹ kí ẹ yí."

"Sọ fún un kó bẹ̀rẹ̀. Màá wá wò ó fúnra mi."

"Ìgbà wo?"

"Oṣù tó ń bọ̀."

"Ó dáa," ni Adéwùmí wí, ó gbé fóònù sílẹ̀, ó sì lọ gbé garawa sábẹ́ ibi tó ń jò.